Ìpè Ìrun Tí N Kò Gbọ́

Ọjọ́bọ̀, àdúgbò Àrẹ̀mọ

Àyà mi ò tíì balẹ̀. Nígbà tí Mọ́gàjí ilé wa yọ̀ǹda yàrá iwájú fún bẹ́ńdì wa, ohun kan ni wọ́n bá wa sọ: bí ládàánì bá ti pèrun, kí gìtá dákẹ́.

Lónìí, à ń fi orin rọ́ọ̀kì gígùn kan dánra wò, irú èyí tí àwọn bẹ́ńdì àtijọ́ máa ń fi gbé èèyàn lọ bí ẹni ń lálàá. Mo dijú. Nígbà tí mo máa lajú, èmi nìkan ló ń ta gìtá. Mọ́gàjí ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Kàmọ́rù, ṣé bí a ṣe jọ sọ ọ́ nìyí?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ má bínú, orin ló gbé mi lọ. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé n kò gbọ́ ìpè náà rárá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ògiri wa ni gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí wà. Etí mi ti ń hó láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá... Kí wọ́n kúkú pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Bí etí onígìtá bá di, kí ló kù?

Mo ṣí fèrèsé sílẹ̀ báyìí, mò ń retí ìpè Ìṣáì.

Mọ́gàjí nìyẹn tí wọ́n ń bọ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Wọ́n ti kírun Ìṣáì tán.