Asọ̀rọ̀mágbèsì Kò Pe Àwa Ọmọ Ògún

Agbo ilé Ọdẹ,
Tápà.

Ifáwùmí ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí gbogbo ará ilé tí ẹ jọ ń gbé ní Ìbàdàn. Ṣé ara yín le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ògún kò ní jẹ́ kí irin ojú títì ṣe yín ní jàǹbá, ẹ kò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi bá ń pa ọ̀nà. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí o, n kò bẹ tíṣà. Ẹ̀kọ́ àgbà tí mo ń lọ ti ń so èso, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ kan bá wọ́, má fi mí ṣe ẹlẹ́yà, ọwọ́ ìbọn àti ọkọ́ ni ọwọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò dára. Jókòó kí o tó kà á. Àṣàbí àbúrò rẹ, tí o fi ẹ̀yìn pọ̀n kí o tó lọ sílé ọkọ, kò sí mọ́. Olóde, àrùn ilẹ̀ gbígbóná, ló mú un lọ. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí a ránṣẹ́ pè ọ́ wálé kí a tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní kí ẹnikẹ́ni má wọ agbo ilé wa títí ilẹ̀ yóò fi tutù, nítorí náà má wá. Jẹ́ kí n ro bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún ọ.

Asọ̀rọ̀mágbèsì tí o rà fún mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. O mọ̀ pé èmi àti ọkùnrin inú rẹ̀ ti di ọ̀rẹ́. Bó bá ní ẹ káàárọ̀, mo máa ń dá a lóhùn, mo sì máa ń béèrè àwọn ará ilé rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fèsì rí, bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ìlú yín nìyẹn. Nígbà ọyẹ́, ìyá rẹ a máa fi ìborùn bò ó kí òtútù má baà mú un. Mo ti kíyè sí i pé ọjọ́ Jímọ̀ ni àfáà ń ṣe wáàsí nínú rẹ̀, ọjọ́ Àìkú sì ni ti pásítọ̀. Àwa kò ní ọjọ́ kankan. Mo sọ fún ìyá rẹ pé kó fara balẹ̀, pé ọjọ́ tó kù nínú ọ̀sẹ̀ wọn ṣì pọ̀, wọn yóò mú ọ̀kan fún wa bí wọ́n bá ráyè.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí ọkùnrin náà fi kéde pé olóde ń jà káàkiri, pé ìjọba ń bọ̀ wá gún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́. Ó ní kí àwọn onígbàgbọ́ kó ọmọ wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí àwọn mùsùlùmí kó tiwọn lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo sún mọ́ ọn, mo ní àwa ọmọ Ògún ńkọ́, ibo ni ká kó tiwa lọ? Ó fi orin sí i. Mo gbà pé ó lọ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ni.

Má rò pé mo kọ abẹ́rẹ́ o. Mo fẹ́ ẹ. Babáwálé àbúrò mi ti rí i ní Ayétẹ̀, ó ní ìbọn ni, ìbọn irin tí wọ́n ń gbé ẹnu rẹ̀ lé ọmọ lápá, tí kì í dún, tí kò sì lọ́ta. Nígbà tí mo gbọ́ pé irin ni, ọkàn mi balẹ̀ pátápátá. Ta ló ni irin? Báwo ni wọn yóò ṣe gbé irin wọ Tápà kí wọ́n fo agbo ilé wa dá? Mo gbá ojúbọ Ògún mọ́, mo ra obì sílẹ̀ dè wọ́n.

Hàlímọ̀ ìyá Àkíbù, aládùúgbò wa, yà láti mú Àṣàbí àti Dàda mọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó máa lọ, wọn yóò pe tiwa. O mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Nítorí ìwé ni mo ṣe mú ọ gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Rosaline ni wọ́n dá padà fún mi. Àkànó ẹ̀gbọ́n mi wọ mọ́ṣáláṣí, ó di Búrẹ́mọ̀, kò sì bá wa jẹ ẹran ọdún Ògún mọ́. Mo ní n kò ní jẹ́ kí wọ́n tún fi abẹ́rẹ́ gba àwọn tó kù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tí wọn kò pè tó bá lọ, mo-gbọ́-mo-yà ni, bàbá mi kò sì tọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Àwọn oníbọn náà kó ẹrù wọn, wọ́n kọjá sí Ìgàngàn. Mo ṣì jókòó ti asọ̀rọ̀mágbèsì nígbà tí ara Àṣàbí bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Nígbà tí nǹkan náà yọ sí i lójú, ìyá rẹ kò bi mí léèrè mọ́. Ó pọ̀n Dàda, Hàlímọ̀ mú un lọ bá wọn ní mọ́ṣáláṣí Ìgàngàn. Ìyá rẹ ní wọn kò béèrè orúkọ, wọn kò béèrè ohun tí bàbá ọmọ ń sìn. Ìyàwó pásítọ̀ pàápàá wà lórí ìlà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, torí pé mọ́ṣáláṣí ló sún mọ́ ọn. Wọ́n ní kí Dàda na apá, ó parí. Apá, Ifáwùmí. Apá ọmọ nìkan ni wọ́n ń fẹ́.

Dàda wà láàyè, ara rẹ̀ le. Àṣàbí ni wọ́n sin sínú igbó, àwọn olóòṣà sì kó gbogbo aṣọ rẹ̀ lọ. O mọ̀ pé bí olóde bá pa ọmọ ẹni, ọpẹ́ là ń dá. Ìyá rẹ wọ aṣọ tó mọ́, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kó dá ẹ̀rín náà dúró, kò lè dá a dúró. Èmi náà dúpẹ́. Wọ́n ní bí a bá sunkún, olóde yóò padà wá mú Dàda.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ rán Wàhábì awakọ̀, kó gbé e fún Hàlímọ̀, òun ló ń ra oúnjẹ fún wa torí pé a kò gbọdọ̀ dé ọjà. Má ra bátìrì wá. Bí o bá mọ ilé tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ inú asọ̀rọ̀mágbèsì, lọ bá ọkùnrin náà. Má bá a jà, iṣẹ́ ni wọ́n rán an. Sọ fún un pé lọ́jọ́ mìíràn kó ní kí gbogbo ọmọ wá, kó sì dákẹ́ síbẹ̀.

Ọwọ́ rẹ kò ní tú ọmọ sílẹ̀ fún ikú. Ohun tí ojú ìyá rẹ rí, ojú rẹ kò ní rí i. Olóde kò mọ ilé rẹ ní Ìbàdàn. Bí o bá ti ka lẹ́tà yìí tán, ti ilẹ̀kùn, kí o bá wa sunkún.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fákọ̀yà ọdẹ.