Ohùn Ìyá Àgbà Nínú Fóònù Màmá Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Màmá mi ni ọ̀gá àwọn aránṣọ níbi iṣẹ́ wọn. Bí aránṣọ tó gba ìsinmi àìsàn tàbí ti ìbímọ bá fẹ́ padà, kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán màmá létí lórí fóònù wọn pé kí wọ́n ṣètò àga tó bá ara onítọ̀hún mu, ṣùgbọ́n wọn kì í kà á. Aránṣọ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán padà dé, kò bá àga tó lè jókòó sí, ó fi ọ̀pá dúró títí di ọ̀sán.

Ni mo bá ní kí ẹ̀rọ inú fóònù wọn máa fi ohùn bí ti ìyá àgbà, ìyá tó bí màmá mi, ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà sókè: "Ìwọ ọmọ yìí! Èèyàn rẹ ń bọ̀ lọ́la, àga rẹ̀ dà?"

Nígbà tó dún lálẹ́ ọjọ́ kan, màmá kúnlẹ̀ gbì: "Ẹ má bínú, mà!"

Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, wọ́n ju bàtà lù mí lórí, ṣùgbọ́n àga wà nílẹ̀ de ẹni tó ń padà bọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Màmá ní kí n yọ ohùn náà. Bẹ́ẹ̀ aránṣọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ń padà síṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun náà á nílò àga. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n yọ ọ́?