Àwo Oúnjẹ Tí Wọ́n Dé De Fòkèfòkè

Ní ṣọ́ọ̀bù, àárọ̀ Ọjọ́bọ̀

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo sì kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ṣé o ń sùn? Ṣé o ń jẹun lásìkò? Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ara líle, kó sì bá ọ níbi tí o ti jókòó jẹ́jẹ́, kì í ṣe níbi tí o ti ń sáré tẹ̀lé àwọn ọ̀gá rẹ kiri. Ara tèmi dá ṣáṣá. Bàbá rẹ kí ọ. Ikọ́ rẹ̀ ti lọ, ariwo rẹ̀ ló padà.

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù kò kúrò lọ́kàn mi. Gbogbo ayé ló ti wo fíìmù Fòkèfòkè, bí àwọn oníbàárà mi ṣe ń pe ọkùnrin tó ń fò lójú sánmà, tó ń fọwọ́ kan gbé ọkọ̀ ojú irin. Àwọn ọ̀gá rẹ ní kí o kọ eré tẹlifíṣọ̀n tó yọ lára fíìmù náà, o sì gbé eré náà ka àbúrò rẹ̀ obìnrin, ẹni tí kò lè fò, tó ń tọ́jú ìyá wọn nílé nígbà tí ẹ̀gbọ́n ń gba ayé là. Ní báyìí àwọn ọ̀gá ní eré náà kò gbóná tó. Wọ́n ní kí o pa ìyá yẹn, kí o sì fún ọmọbìnrin náà ní ìyẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. O wá bi mí pé, "Màmá, kí làwọn èèyàn ń fẹ́ gan-an? Ẹ bá mi bi àwọn oníbàárà yín." Mo ti bi wọ́n o. Fara balẹ̀ kà á.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ tẹ́lẹ̀. O mọ̀ pé àwọn tó jókòó sábẹ́ dírayà tí mo fi ń gbẹ irun wọn ni tẹlifíṣọ̀n mi dojú kọ. Bí dírayà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti ń hó lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ nǹkan kan. Má bínú, ọmọ mi, gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tí o kọ, atẹ́gùn gbígbóná ló gbé e lọ. Ojú lásán ni wọ́n fi ń wò ó, wọ́n á wá fi ẹnu ara wọn parí èyí tó kù.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé lánàá, nígbà tí ọ̀tá Fòkèfòkè wá sílé wọn, tòun ti ẹ̀wù dúdú àti bàtà tó ń dán, tí ọmọbìnrin náà fún un ní àga àti ife omi, gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbà pé ọkọ àfẹ́sọ́nà ló dé. Aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì yẹ ẹ̀wù ọ̀hún wò dáadáa, ó ní onítọ̀hún mọ aṣọ wọ̀, kí wọ́n fọmọ fún un. Àfìgbà tí ọkùnrin náà dìde, tó ju iná lu ògiri! Aránṣọ fò sókè tòun ti rólà lórí, ó pariwo pé, "Irú àna burúkú wo nìyí!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Lẹ́yìn tí mo pa dírayà, mo béèrè ọ̀rọ̀ rẹ lọ́wọ́ wọn. Aránṣọ ní ìjà lòun ń fẹ́, kí ilé máa wó lulẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá sùn sábẹ́ dírayà mi ní kí wọ́n wá ọkọ gidi fún ọmọ náà. Bàbá rẹ, tó ní kọ́kọ́rọ́ lòun kàn wá mú, àmọ́ tó ti jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀, ní eré alágbára tí kò sí ẹ̀ṣẹ́ nínú, eré ọmọdé ni. Ǹ bá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orí wọn ló ń wà lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́, mo sì mọ ìgbà tí orí bá mì.

Nígbà tí mo tún tan dírayà, tí ìjà ńlá bẹ̀rẹ̀, tí ilé gogoro ń wó, gbogbo orí tẹ̀ sórí fóònù. Aránṣọ tó ní ìjà lòun ń fẹ́ ń wo àwòrán ẹ̀wù. Bàbá rẹ ti ń hanrun. Ìgbà tó yá, ọmọbìnrin náà bu oúnjẹ sáwo mẹ́ta. Ó gbé ọ̀kan fún ìyá, ó mú ọ̀kan, ó gbé ìkẹta sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó sì fi àwo mìíràn dé e. Ìyá wo fèrèsé. Ọmọ wo ìyá. Ọmọ mi, nọ́ọ̀sì ti dírayà kúrò lórí. Ẹni tí mò ń dirun fún na ọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí irun fi já bọ́ lọ́wọ́ mi. Aránṣọ ní, "Ṣé kò ní wá jẹ oúnjẹ ìyá rẹ̀ ni?" Bàbá rẹ náà ti jí. Mi ò mọ ohun tó jí i, torí ilé kankan ò wó níbẹ̀.

Èsì mi rèé. Ìjà, wọ́n ti rí i ní sinimá, ó tóbi ju ògiri ilé lọ. Ohun tí wọ́n ń wá lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré ni ibi tí ọkùnrin náà ń bọ́ bàtà sí, àti ẹni tó ń bínú pé kò tètè dé. Jẹ́ kí wọ́n jà díẹ̀, kí bàbá rẹ lè rí nǹkan sọ. Ṣùgbọ́n má pa ìyá yẹn. Má sì fún ọmọ náà ní ìyẹ́, torí bí òun náà bá fò lọ, ta ni yóò kù nílé? Bí àwọn ọ̀gá rẹ bá ń jiyàn, kí wọ́n wá jókòó sábẹ́ dírayà mi.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Àwo búlúù tí wọ́n fi dé oúnjẹ yẹn, tí etí rẹ̀ ṣá díẹ̀, mo dá a mọ̀. Irú rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, òun ni mo fi máa ń dé oúnjẹ rẹ nígbà tí o bá pẹ́ níléèwé. Inú mi dùn débi pé mo sá wọ yàrá ẹ̀yìn kí wọ́n má bàa rí ojú mi. Ó sì dùn mí díẹ̀, torí o mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tó ń dúró, síbẹ̀ o ò tíì wálé látìgbà tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò bínú o. Àárò rẹ ló ń sọ mí.

Kí Ọlọ́run fi ọ̀rọ̀ sí ọ lẹ́nu níwájú àwọn ọ̀gá rẹ. Kí ohun tí o fọwọ́ ara rẹ ṣe má bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kí ẹsẹ̀ tó gbé ọ lọ gbé ọ bọ̀ láyọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ, tó kọ́kọ́ fọwọ́ kan irun orí rẹ,
Onídìrí.

Mo tún rántí: wọ́n ń bi mí lójoojúmọ́ bóyá Fòkèfòkè máa wá jẹun níparí eré. Mo ní ọmọ mi ò sọ fún mi. Bí o bá máa jẹ́ kó wá, jẹ́ kó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kó má fọ́ fèrèsé ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ ti fi epo sí ìlẹ̀kùn tiwa, kò dún mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, àwo búlúù náà á wà lórí tábìlì.