Rọ́bà Tí Dókítà Fi So Jẹ̀díjẹ̀dí Mi

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ọkọ rẹ ń gbádùn, ṣé àwọn ọmọ ń jẹ́ kí o sinmi? Ìyá rẹ kí ọ títí, ó ní kí o má tìtorí iṣẹ́ ṣàìjẹun. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń ṣe dáadáa, èmi tí mò ń jókòó tì í ni ara mi ò dá.

Ẹ̀jẹ̀ ni mo máa ń rí bí mo bá ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Mo rò pé jẹjẹrẹ ni, mo tilẹ̀ ti sọ ẹni tí yóò jogún ẹ̀rọ mi fún ìyá rẹ, ló bá bú sẹ́kún, ló wọ́ mi lọ sí ọsibítù. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù tó ní ta ni kí àwọn pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé nǹkan ò ní ṣẹlẹ̀ lágbára Ọlọ́run. Nọ́ọ̀sì bi mí bóyá ó ń dùn mí. Kò dùn mí rárá, àmọ́ kí wọ́n má baà fojú yẹpẹrẹ wò mí, mo ní ó ń ta mí bí iná.

Ọmọ mi, irọ́ yẹn kó bá mi! Dókítà, tí kò ju àbúrò rẹ lọ, ní jẹ̀díjẹ̀dí ti inú kì í sábà dunni, nítorí náà òun gbọ́dọ̀ wò ó dáadáa. Ó fi ìka wò ó, ó tún mú páìpù kékeré kan tó ní iná. Mo jẹ́wọ́ kíá pé kò dùn mí. Ó ní kò burú, òun ì bá ṣáà wò ó náà.

Ó ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ihò ìdí ló wú. Ó bi mí bí mo ṣe ń pẹ́ tó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo ní kò pẹ́ o, ìròyìn nìkan ni mo ń gbọ́ lórí fóònù tí o rà fún mi, àti àlàyé ìròyìn, àti èsì àwọn tó ń pè sórí ètò náà. Ó ní kí n máa fi fóònù sílẹ̀ níta, kí n má fi agbára ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́, kí n máa jẹ ẹ̀fọ́, èso àti ẹ̀wà, kí n sì máa mu omi dáadáa. Ó ní òun á fi rọ́bà so èyí tó wú, á gbẹ, á já fúnra rẹ̀ láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan.

Èmi tí mo ti ń ránṣọ láti ogójì ọdún, ta ló máa kọ́ mi ní rọ́bà? Lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún mi, mo mú rọ́bà ṣòkòtò yáàdì méjì dání láti ṣọ́ọ̀bù, ojúlówó. Dókítà fà á wò, ó ní Bàbá, kì í ṣe ṣòkòtò lòun fẹ́ rán o.

Ó ṣe é tán, kò pẹ́ rárá. Ó ní kí n fi ohùn ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp lọ́jọ́ kejì, kí n sọ bí ara mi ṣe rí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù, láti orí ẹ̀jẹ̀ dé orí rọ́bà. Àṣé ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò ni mo fi ránṣẹ́ sí! Ojú tì mí débi pé mi ò fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Àfi bí alága ẹgbẹ́ ṣe kan ilẹ̀kùn láàárọ̀, ẹni tó ń yangàn pé òun ò gbé oògùn mì rí. Ó ní kí n wá wọn òun fún ṣòkòtò. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú téèpù ló sọ ọ́ sí mi létí pé ṣé rọ́bà yẹn ń dunni. Akọ̀wé tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ẹni márùn-ún ti wá wọn ṣòkòtò, kò sì sẹ́ni tó mú aṣọ wá.

Lọ́jọ́bọ̀ ni mò ń kó wọn lọ bá dókítà. Jọ̀ọ́, bá wa fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, torí bí wọ́n bá mú owó nílé, àwọn ìyàwó wọn á béèrè ibi tí wọ́n ń lọ.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ ní ìjókòó àti ní ìdìde. Ohun tó bá yẹ kó jáde lára rẹ á máa jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Èmi ni bàbá rẹ.