Omi Kànga Wa Dùn, Ìwé Ní Májèlé Ni

Seul-ah ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ọmọ. Kí òtútù Seoul má mú yín. Ọ̀rọ̀ pọ̀, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó bàjẹ́. Májèlé kan ń ti inú àpáta wọnú omi kànga abúlé wa. Láti oṣù kẹrin ni ìwé ìjọba ti wọ ilé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gbẹ́ni Tak, olórí abúlé, mọ̀, ó fi ìwé tirẹ̀ tẹ́ abẹ́ ìkòkò ọbẹ̀. Ìyá Gil-su tó ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe tófù mọ̀. Èmi náà mọ̀.

Ìwé ní májèlé inú lítà omi kan jẹ́ mílígíráàmù 0.03, kò sì gbọdọ̀ ju 0.01 lọ. Èmi tí mo kọ́ àbójútó òwò lọ́dún méjì nílé ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ àgbẹ̀, mo ní ohun tó bá ti fi òdo bẹ̀rẹ̀ kò lè pọ̀. Oṣù kẹsàn-án ni mo tó rí i pé ìlọ́po mẹ́ta ni. Àwòrán májèlé náà wà nísàlẹ̀ ìwé, onígun mẹ́rin, dúdú wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bí ìdun. Mo gé e lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ omi kí ẹ̀rù lè bà wọ́n, àwọn tó wá ra ata lọ́wọ́ mi kàn ń na fóònù sí i bí ẹni fẹ́ sanwó. Mo pe ọ́fíìsì omi, obìnrin kan ní kí n tẹ oókan. Mo kí i, mo béèrè àwọn ará ilé rẹ̀, ó tún ní kí n tẹ oókan. Kò lẹ́kọ̀ọ́ rárá.

Mo pe ìpàdé, mo kọ nọ́ńbà yẹn gàdàgbà sára ògiri. Ìyá àgbà Bong-nye, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, dìde, ó ní òun ti ń mu omi yẹn látìgbà tí wọ́n ti bí òun, àìsàn kan ṣoṣo tó ń ṣe òun ni ìyàwó ọmọ òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá Gil-su ní ṣé bébà ní ahọ́n ni, tó fi mọ omi ju àwọn lọ. Mo ní kí wọ́n ka àwọn tí kò pé ọgọ́ta ọdún kí wọ́n tó kú nínú ilé mẹ́tàlélógún wa. Bàbá rẹ wà lára wọn. Ọ̀gbẹ́ni Tak ní Ìyá Seul-ah ti tún dé, ta ló ń ka òkú nípàdé, ó sì tú wa ká.

Ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá la ó fi iyọ̀ rẹ ẹgbẹ̀rin kábéèjì fún kimchi aláta tí gbogbo abúlé yóò fi jẹun nígbà òtútù, omi yẹn náà la ó fi fọ̀ ọ́. Ìkòkò mẹ́ta nínú rẹ̀ ń bọ̀ nílé rẹ, ẹnu ọmọ rẹ ló ń lọ. N kò rí oorun sùn mọ́.

Èyí tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rèé: àtẹ́lẹwọ́ mi ti le, ó ń hù kókó kókó bí àgbàdo. Látoṣù karùn-ún ni mo ti ń pè é ní iṣẹ́ oko. Ìwé sọ fún mi, n kò gbọ́, àfìgbà tí ọwọ́ mi sọ ọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá wọn jà?

Wá mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí o sì mú owó rẹ̀ dání. Má fi í sínú fóònù mi, èyí tó o fi síbẹ̀ lọ́jọ́sí, mo gbọn fóònù náà títí, kò jáde. Mo ti pe ìpàdé mìíràn sí ọjọ́ kẹwàá, aago mẹ́wàá àárọ̀. N kò ní mú nọ́ńbà kankan lọ. Èmi á tẹ́ ọwọ́ mi kalẹ̀, ìwọ á sọ lójú gbogbo wọn pé ọmọ rẹ kò ní fi ẹnu kan kimchi abúlé yìí. Ìyẹn á dùn wọ́n, wọ́n á gbọ́.

Kí àwọn baba ńlá wa ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà, kí ọmọ rẹ dàgbà kó kọ lẹ́tà sí ọ. Ọjọ́ kẹjọ ni mò ń retí rẹ. Kì í ṣe ọjọ́ kẹsàn-án.

Èmi ni,
Ìyá rẹ