Àwọn Ìwé Dúpẹ́ Tó Dé Ìsọ̀ Oníkúlíkúlí

Ọjọ́rú, oṣù kẹfà, 1998

Àyà mi kò tíì balẹ̀. Olùkọ́ Dúpẹ́ ọmọ mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì sọ pé inú dísìkẹ́ẹ̀tì ni òun yóò ti wo gbogbo iṣẹ́ tó ṣe nígbà tó lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Òkè-Oyì, kí òun tó fún un ní máàkì. Dúpẹ́ lọ tẹ gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Post Office, ni ìyá rẹ̀ bá kó àwọn ìwé tó fọwọ́ kọ fún oníkúlíkúlí kan ní ọjà Ìpàta pé kó máa fi di ọjà.

Iṣẹ́ odidi táàmù kan, nínú ike pẹlẹbẹ tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi! Bí kò bá ṣí níwájú olùkọ́ ńkọ́? Kí ni ọmọ yìí yóò fi hàn?

Mo gba Ìpàta lọ. Oníkúlíkúlí náà rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni? Ẹ máa kó o. Ẹyọ kan péré ni mo tíì lò."

Ó tú kúlíkúlí kúrò nínú ẹyọ kan náà, ó fún mi. Ìwé náà ti rin fún epo.

Dúpẹ́ kọ́kọ́ fi mí ṣẹ̀rín. "Dádì, ẹ ti ṣe wàhálà jù. Gbogbo ẹ̀ ló wà nínú dísìkẹ́ẹ̀tì."

Nígbà tó rí ìwé olóròóró yẹn, ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ọmọ kan ní kíláàsì tó kọ́ ní Òkè-Oyì ti ya àwòrán Dúpẹ́ sí etí ìwé náà, tòun ti ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ó sì kọ "Àǹtí wa" sábẹ́ rẹ̀.

"Èyí ò sí níbẹ̀, Dádì. Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀."

Mo ti fi í sábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ṣùgbọ́n epo ẹ̀pà ló wà lára rẹ̀, eku sì pọ̀ nínú ilé yìí.