Òjò Ọjọ́ Tí Bàbá Àgbà Kọ́kọ́ Wàásù

Olóòtú wa, mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹni tó gbé rédíò sétí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí gbogbo ẹbí wa ló ń gbọ́ ètò yín.

Télọ̀ ni bàbá wa àgbà kó tó di oníwàásù, nígbà tí ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìtàn wọn sínú ìwé ìrántí ìjọ. Láti kékeré la ti ń gbọ́ pé lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wàásù ní gbangba, òjò dé, Bàbá nawọ́ sókè, òjò sì dá. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo kọ ọ́.

Ìgbà tí mo kà á fún màmá wa àgbà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Òjò wo ló dá? Ta ló wá fọ ṣòkòtò funfun tí ẹrẹ̀ bò dé orúnkún? Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni bàbá yín fi ń sín."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ pásítọ̀ ìjọ náà báyìí, ní kí n má yí nǹkan kan pa dà, pé ogbó ló ń da Màmá láàmú.

Mo wá bi Màmá bóyá kí n yọ iṣẹ́ ìyanu náà kúrò. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu.

"Àwọn èèyàn tó wá gbọ́ ìwàásù lọ́jọ́ yẹn ò mọ bàbá yín rí. Òjò ń pa wọ́n, ẹnì kan ò lọ sílé. Kí lo tún ń pè ní iṣẹ́ ìyanu?"

Láàárọ̀ ọ̀la ni mò ń lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Ẹ bá mi dá sí i: ti pásítọ̀ ni kí n tẹ̀ ni, àbí ti ẹni tó fọ ṣòkòtò?

Èmi ni, ọmọọmọ Télọ̀.